Ère Mẹ́ta Níwájú Ọkọ̀ Owó Oṣù

"Ta ló kó ẹ̀gbin yìí síbí?"

Moṣọpẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì, kò lè wọlé. Ère mẹ́ta ni wọ́n tò síwájú fèrèsé ọkọ̀ owó oṣù. Wọ́n kùn wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n wọ àkísà fún wọn, wọn ò fún wọn ní bàtà. Gbogbo wọn tẹríba, wọ́n na ọwọ́ bí alágbe. Ère òyìnbó kan jókòó sínú ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni," Jonah, alága ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà, fi ẹ̀rín dáhùn. "Àwọn àlejò máa fẹ́ràn ẹ̀."

"Ó rí mi lára, Jonah. Kó wọn kúrò."

"Oníwèé ìròyìn ti dé. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, máa lọ sílé."

Ojú irin ni ọkọ̀ yìí ń tọ̀ ní Nàìjíríà láyé ọjọ́un. Akọ̀wé owó á jókòó sínú rẹ̀, á máa sanwó fún àwọn tó ń tún ojú irin ṣe nínú igbó. Nígbà tó di àlòkù, ẹgbẹ́ Jonah rà á wá sí Dagenham nílùú òyìnbó. Moṣọpẹ́, tó ń fi ọ̀dà kíkùn jẹun, ló ha ìpẹtà ara rẹ̀, tó sì kùn ún lọ́fẹ̀ẹ́, torí pé bàbá rẹ̀ ti ṣe lébìrà rélùwéè lọ́nà Òfà. Ẹnu irú fèrèsé yìí ló ti ń gba owó tó fi tọ́ ọ. Bàbá yẹn ni Moṣọpẹ́ pè wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lónìí.

Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́ là ń wí. Àwọn wọ̀nyí wá mú òṣìṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ di alágbe. Ṣíọ̀!

Bàbá wọlé tòun tọ̀pá. Moṣọpẹ́ fẹ́ dí i lójú, ó ti pẹ́ jù.

"Moṣọpẹ́, àwa rèé?"

"Ẹ má bínú, Daddy. Èmi kọ́."

"Ọjọ́ owó oṣù, a ó wẹ̀, a ó wọ bàtà dídán!" Bàbá pòṣé. "Rubbish! Jẹ́ ká máa lọ."

Jonah sáré dé. "Mista Oyèbánjí! Ẹ wá dúró sáàárín wọn, kí wọ́n ya yín ní fọ́tò."

Moṣọpẹ́ ti mú báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ, àwọn alágbe yìí ni gbogbo ayé yóò máa pè ní bàbá rẹ̀. Ó gbé báàgì sílẹ̀.

"Daddy, ẹ dúró. A ò lọ mọ́."

Ó gbé ère kìíní kọ́ èjìká, ó jù ú sínú pàǹtí níta. Ó padà wá gbé èkejì, ó gbé ẹ̀kẹta.

"O ò sí nínú ẹgbẹ́ yìí mọ́!" Jonah pariwo.

"Mo gbọ́," Moṣọpẹ́ wí. Ó dùn ún, torí ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà.

Nígbà tó wọlé padà, Bàbá ti dúró gbọnin níwájú fèrèsé. Àwọn àlejò ti ń wọlé.

"Akọ̀wé máa ń pe orúkọ wa kó tó sanwó," Bàbá ní. "Gòkè lọ, pè mí."

"Kí èmi pe orúkọ yín? Háà, Daddy!"

"Mo ní kó o pè mí."

Moṣọpẹ́ gun inú ọkọ̀, ó ti ère òyìnbó ṣubú, ó sì jókòó. Látìgbà tí wọ́n ti bí i, kò pe bàbá rẹ̀ lórúkọ rí.

"Oyèbánjí!"

"Present, sir!" bàbá rẹ̀ dáhùn.