Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Káfíńtà

Ràsákì ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígi náà bí ẹni ń ti ọ̀tá rẹ̀ sí kòtò. Igi mì. Inú rẹ̀ dùn.

"Ó ń mì," ó ní, ó sì rí i dájú pé ohùn òun dé etí ẹni tó fẹ́ kó gbọ́ ọ.

Suara, káfíńtà tó kan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígi yẹn, jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi káṣú, kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ọbàkan ni wọ́n, Suara ni ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ní Onígbòǹgbò ni wọ́n ti yan ara wọn lódì. Kàdúná ni Ràsákì wà nígbà náà, lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Kó tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Agége, Suara ti sin òkú tán. Wọ́n ní bí ẹ̀sìn ṣe wí nìyẹn. Ẹ̀sìn kẹ̀? Ràsákì ò rí ojú bàbá rẹ̀, ó sì búra pé òun ò ní bá Suara sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Àgbà náà ò sì ní kọ́kọ́ kí àbúrò. Bí wọ́n bá pàdé lójú títì Ìkẹjà, oníkálùkù a gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Iṣẹ́ ló kó wọn pọ̀ lónìí. Ràsákì ló ń tọ́jú pápá tí àwọn òyìnbó ilé iṣẹ́ ti ń yìnbọn ṣeré, lẹ́yìn ọ̀nà rélùwéè. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbé awò gígùn lé, awò tí wọ́n fi ń wo ibi tí ọta bá pákó àmì lọ́ọ̀ọ́kán, dojú dé lóṣù tó kọjá, dígí awò náà sì là. Ọ̀gá òyìnbó ní kí káfíńtà ṣe ọ̀kan, kí alágbẹ̀dẹ ṣe ọ̀kan, kí Ràsákì yan èyí tó bá dúró ṣinṣin.

"Bí èyí bá tún ṣubú," ọ̀gá ní, "máa lọ sílé ẹ." Ìyàwó Ràsákì sì wà nínú oyún.

Ti Fọlárìn, alágbẹ̀dẹ Agége, ló yàn. Irin ni, ó wúwo, ó ti í, kò mì. Kí ló tún kù? Ká tilẹ̀ ní irin ọ̀hún rọ lẹ́sẹ̀ kan, òun náà ló máa yàn.

Suara tutọ́. Ewúrẹ́ kan ń jẹko nítòsí, òun ló yíjú sí, bí àwọn tó ń yodì ti í ṣe bí ọ̀rọ̀ bá kún ẹnu wọn.

"Ewúrẹ́, ìkọ́ tí mo fi sábẹ́ igi mi, ṣé ti ọ̀ṣọ́ ni? Ẹrù ni wọ́n ń gbé kọ́ ọ kó má baà mì. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, àfi bí alásè bá gọ̀."

Ràsákì náà yíjú sí ewúrẹ́. "Ewúrẹ́, sọ fún ẹni tó rán ọ pé pápá nibí, kì í ṣe itẹ́ òkú. A kì í kánjú níbí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Suara lákínyẹmí ara.

Ràsákì gbé awò lé orí irin, ó kọjú rẹ̀ sí àmì. Fèrè mọ́tò ọ̀gá dún lókèèrè, ó sì sáré lọ ṣí géètì. Ó bojú wẹ̀yìn. Òjò àná ti mu ilẹ̀ yó, ẹsẹ̀ irin tó mú ṣóṣóró sì ti ń wọlẹ̀ lápá kan. Awò ń tẹ̀. Ó sáré padà, ẹrẹ̀ yọ̀ ọ́, ó fi àyà lélẹ̀.

Suara ló gbá awò mọ́ra. Irin wó lu ojúgun rẹ̀, kò sì jọ̀wọ́ awò.

Ràsákì dìde. Ó wọ́ irin sọ nù, ó gbé igi síbẹ̀, ó rọ iyanrìn kún àpò, ó so ó kọ́ ìkọ́. Suara gbé awò lé e. Ràsákì ti igi náà. Kò mì.

Suara kẹ́yìn sí i, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ewúrẹ́, Bàbá ló ní ká má dúró de àbúrò mi ká tó sin àwọn. Wọn ò fẹ́ kí ọmọ wọn rí ojú tí àìsàn ti bà jẹ́. Èmi nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ràsákì yíjú síbi koríko, ó ń wá ohun tó máa fèsì sí. Kò sí ewúrẹ́ kankan níbẹ̀. Fèrè mọ́tò ti lé e lọ tipẹ́.

"Ẹsẹ̀ yín ń ṣẹ̀jẹ̀," ó ní.