Omi Ìwẹ̀ Àlàní

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò mọ Tàíbátù rí, ṣùgbọ́n àfi bí ẹni pé iwájú ilé rẹ̀ ní Mamobi, ní Ghana, ni wọ́n dúró sí nígbà tí wọ́n ń pa á.

Ọdún kẹta rèé tí ara Tàíbátù ti ń dákẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ, ó tún wá dà bí abẹ́rẹ́, lẹ́yìn èyí ó di iná tí kò ní èéfín, tí kì í jẹ́ kó sùn. Nígbà tó yá, iná náà kú. Tàíbátù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó rò pé ìwòsàn ló dé. Lọ́jọ́ kan ó wọ ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní trotro ní ọjà Tudu, níbi tó ti ń ta ọṣẹ dúdú tí àwọn ará Ghana ń pè ní alátà sàmínà. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Mamobi, ó sì rìn dé ẹnu ilé kó tó rí i pé bàtà ẹyọ kan ló wà lẹ́sẹ̀ òun, ìkejì ti kù sínú ọkọ̀. Ó ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta, ó ti tẹ ìdérí ìgò, ẹsẹ̀ kò sì ròyìn ohunkóhun fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àgbà ló ń dé.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ló kan ọwọ́. Ó di pé kó ki ọwọ́ bọ àpò, kó má mọ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ ni òun mú tàbí tẹ̀sùbáà. Wọ́n ti sọ fún un ní ilé oògùn kan pé ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ń lo oògùn lọ́jọ́ tó bá rántí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, àní kò sọ fún Mùnírátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Nítorí kí ni? Nítorí ìwẹ̀ ọmọ ni. Ọdún mẹ́fà ni Mùnírátù fi wà nílé ọkọ tí kò gbọ́ igbe ìkókó nínú yàrá rẹ̀. Ọdún mẹ́fà náà ni Tàíbátù fi wà lórí ẹní ìkírun. Kò bẹ Ọlọ́run fún ilé alájà, kò bẹ̀ Ẹ́ fún Mẹ́kà. Ohun tó tọrọ ni pé kí òun na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí bàsíà, kí wọ́n gbé ọmọ Mùnírátù lé e, kí òun sì wẹ̀ ẹ́ fún ogójì ọjọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá òun ti wẹ Mùnírátù. Láàárín àwọn Yorùbá tó wà ní Mamobi, ìyá ìyàwó ló ni ìwẹ̀ ọmọ, a kì í sì í bá a dù ú.

Ṣùgbọ́n ilé Zuweira ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Zuweira ni ìyá Yusif, ọkọ Mùnírátù, Háúsá sì ni. Àwọn náà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wẹ ọmọ àti ìyá ọmọ, obìnrin náà sì gbà pé ọ̀nà tiwọn ló dára jù. Tó bá gbọ́ pé ọwọ́ àna òun ti kú, ṣé yóò jẹ́ kó fi kan ọmọ ọmọ òun? Ohun tí Tàíbátù bi ara rẹ̀ nìyẹn, ló bá pa ẹnu mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọmọ dé, ọkùnrin ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Abdul-Rahim, Tàíbátù sì fún un ní oríkì, ó pè é ní Àlàní. Àtọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti kó wá sílé Zuweira, tó ń wẹ̀ ẹ́ ní àgbàlá láàárọ̀, kò sì sí ẹni tó fura, torí pé ó ti rí ọgbọ́n kan dá sí i. Kíkà ló ń ka omi: abọ́ méjì láti inú ìkòkò tó ń hó lórí èédú, abọ́ mẹ́rin láti inú korobá omi tútù. Ó péye bí òṣùwọ̀n. Tó bá kà á tán, yóò wá ti ọwọ́ bọ bàsíà, yóò fún ojú pọ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, yóò sì mi orí. Nítorí ojú Zuweira ló ṣe ń ṣe ìyẹn.

Zuweira kì í sì í jìnnà. Á jókòó ti ìdí èédú, á máa fi Háúsá tí wọ́n jọ ń sọ bú u tẹ̀ríntẹ̀rín, á máa pè é ní Alata, bí àwọn ará Ghana ṣe ń pe Yorùbá.

“Alata, ẹ rọra o. Ọmọ mi lẹ ń wẹ̀, ẹ ò po ọṣẹ.”

“Ẹ jẹ́ kí n na egungun rẹ̀ dáadáa,” ni Tàíbátù máa ń dá a lóhùn, “kó má baà yọ gọngọ bíi tiyín.”

Wọn á jọ rẹ́rìn-ín, Mùnírátù náà á rẹ́rìn-ín lórí àpótí tó jókòó sí. Tàíbátù á wá gbé ohùn sókè ní Yorùbá, èdè tí Mùnírátù gbọ́ ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ:

“Àlàní, ọmọ Ọ̀fà lápá ìyá,
ọmọ Mamobi lápá bàbá.
A ránṣẹ́ pè ọ́ fọ́dún mẹ́fà, o ní ò ń di ẹrù lọ́wọ́.
Ẹrù kí lo dì tó pẹ́ tó báyìí?
Ẹ̀rín ẹnu ìyá rẹ lo dì,
agbádá ọlá bàbá rẹ lo dì.
Máa rọra tú u, Àlàní, ọjọ́ ṣì pọ̀.”

Ní ọjọ́ kẹwàá, ọyẹ́ mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Zuweira ti jí ṣáájú gbogbo ilé. Ó rántí pé ọmọ gbọ̀n lánàá nígbà tí wọ́n ń da omi ìgbẹ̀yìn sí i lára. Àánú ṣe é, ó gbé ìkòkò omi tó ti hó, ó dà á tán sínú korobá omi tútù, ó sì gbé ìkòkò mìíràn kaná. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló ń kéde irú oore kékeré bẹ́ẹ̀?

Tàíbátù jáde sí àgbàlá, ó bu omi bó ṣe ń bù ú. Abọ́ méjì, abọ́ mẹ́rin. Bàsíà ń rú èéfín, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọyẹ́, ẹnu èèyàn gan-an ń rú èéfín. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mi orí. Ó na ẹsẹ̀, wọ́n gbé ọmọ lé e, ó fa oríkì yọ. Ó rẹ kànìnkàn sínú omi pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó fún un díẹ̀ sí itan ọmọ.

Igbe tí ọmọ ké kì í ṣe igbe ìwẹ̀. Ó ga, ó sì já lójijì bí okùn, àfi bí ẹni pé èémí rẹ̀ ti tán. Tàíbátù rò pé òtútù ni. Ó ń pẹ̀tù sí i, “Àlàní, ọmọ Ọ̀fà,” ó sì tún ti ọwọ́ ọ̀tún bọ omi láti tún kànìnkàn rẹ, ó fi í síbẹ̀, ó ń wá ọṣẹ pẹ̀lú ojú.

Mùnírátù ti dìde. Ó ti já ọmọ gbà mọ́ àyà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó kúrò lórí àpótí. Ojú rẹ̀ ń wo inú bàsíà.

“Maa, ẹ yọ ọwọ́ yín.”

“Kí ló dé?”

“Ọwọ́ yín, Maa. Ẹ yọ ọ́.”

Tàíbátù yọ ọ́. Ọwọ́ náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká jọ sí ìdí àwọn ìka bí èèpo tòmátì tí wọ́n bọ̀, omi sì ń kán níbẹ̀. Ó wò ó bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Kò dùn ún. Ó dúró kó dùn ún, kò dùn ún. Ohun tó dẹ́rù bà á jù lọ láyé rẹ̀ nìyẹn: pé ọwọ́ òun ń bọ́ lójú òun, oríkì sì wà lẹ́nu òun.

Lórí itan Àlàní, àmì pupa kan wà tó tó àtàǹpàkò àgbàlagbà.

Zuweira ti ìka bọ korobá omi tútù, ó sì yára fà á yọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òun ni òun da omi gbígbóná sí i.

Mùnírátù gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àdúgbò, wọ́n fi oògùn pa ojú ibi tó jó náà, wọ́n ní kò jinlẹ̀. Yusif ló gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Obìnrin ni dókítà tó rí i, Twi ló fi bá a sọ̀rọ̀. Ó fi àlùmọ́gàjí gé awọ tó ti kú kúrò, Tàíbátù jókòó, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo adìẹ tí wọ́n ń tu ìyẹ́ rẹ̀. Dókítà gbé ojú sókè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó mú okùn kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ó ní kó di ojú, kó máa sọ “bẹ́ẹ̀ ni” nígbàkigbà tí òun bá fi kàn án.

Tàíbátù di ojú. Ó ń retí. Ó retí títí, ó wá bi dókítà pé ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó la ojú, dókítà ti ń ká okùn náà padà sínú páálí. Ó ti ṣe ọwọ́ tó kù tán, ó ti ṣe ẹsẹ̀ méjèèjì tán.

Tàíbátù béèrè ìgbà tí yóò san. Dókítà sọ fún un pé awọ yóò padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ìka lọ sí ọpọlọ, ṣúgà ti ń jẹ wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn tí òun fẹ́ fún un, èyí tó ṣẹ́ kù ni yóò dáàbò bò tó bá ń lò ó lójoojúmọ́. Èyí tó ti lọ, òun kò lè ṣèlérí rẹ̀.

Tàíbátù bi í bóyá òrí àti àdúrà lè ràn án lọ́wọ́.

“Ẹ gbàdúrà, Maame,” ni dókítà wí. “Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ yín wo omi fún ọmọ mọ́. Kì í sì í ṣe omi nìkan. Ọwọ́ tí kò bá mọ ohun tó dì mú kì í mọ ìgbà tó jù ú sílẹ̀.”

Yusif wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n délé, Tàíbátù sọ ìdajì: ó ní dókítà ní awọ yóò padà.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń dúró de awọ. Mùnírátù ń fi aṣọ tútù nu ọmọ lára, ẹnikẹ́ni kò wẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Yusif bẹ ìyá rẹ̀ kó gba iṣẹ́ náà. Zuweira kọ̀. Ó ní ìwẹ̀ ìyá ìyàwó ni, òun dá sí i lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ayé sì rí ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Kò bú àna rẹ̀ mọ́, kò pè é ní Alata mọ́. Á gbé kókó, ẹ̀kọ mímu gbígbóná, wá fún un láàárọ̀, á gbé e sílẹ̀, á sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí ni kò jẹ́ kí Tàíbátù lè jẹun. Obìnrin tí òun sá fún ti gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan rù.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn tí omi jó o, wọ́n tú báńdéèjì. Awọ tuntun ti bo ọwọ́, ó ń dán, ó mọ́ bí ọwọ́ ọmọge. Mùnírátù gbé e sókè sí oòrùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀la ni ìwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Tàíbátù jókòó sórí ẹní, ó mú ife kókó rẹ̀, ó ń ka bísímílà. Ìró ife nílẹ̀ ló fi mọ̀ pé ó ti bọ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀: àwọn ìka ṣì ká bí ẹni pé wọ́n di nǹkan mú.

Níta, wọ́n ti ṣètò gbogbo rẹ̀. Zuweira ti gbé àpótí kalẹ̀, ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi nígbà mẹ́ta, ó ti bọ́ sẹ́yìn. Tàíbátù jáde, ó jókòó sórí àpótí náà. Mùnírátù gbé Àlàní ní ìhòòhò, ó tẹ̀ síwájú, ó na ọmọ sí ìyá rẹ̀. Òróró wà lára ọmọ, ó ń yọ̀ bí ẹja.

Ọlọ́run, ọwọ́ Rẹ ni mo ti tọrọ rẹ̀, ni Tàíbátù ń wí nínú ọkàn rẹ̀. O fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá. Mo dúpẹ́.

Kò na ọwọ́. Ó fi méjèèjì sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Maa?” ni Mùnírátù wí.

Ó sọ fún wọn. Ó sọ ti bàtà tó kù sínú trotro, ó sọ ti abọ́ méjì àti abọ́ mẹ́rin, ó sọ ti okùn dókítà. Ó ní ọdún kẹta rèé, kì í ṣe korobá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní awọ ló padà, ìmọ̀ kò bá a padà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá yóò padà. Mùnírátù fi ọmọ mọ́ra, ó wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Tàíbátù dìde kúrò lórí àpótí, ó gbé àpótí náà yí sí ọ̀dọ̀ Zuweira.

“Ìyá Yusif,” ó wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wẹ ọmọ náà.”