Ẹja Orí Sìmẹ́ńtì

Ọ̀gá ilé-ìwé ti yàrá kọ̀ǹpútà pa, ó ní eré ni àwọn ọmọ ń fi ẹ̀rọ ṣe. Ohun tó bí i nínú ni ẹja kan tó ń jó lójú ẹ̀rọ nígbàkígbà tí èèyàn bá pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aláròyé ló dá a ṣe.

"Orúkọ ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ni kí wọ́n há sórí," ni ọ̀gá sọ fún tíṣà wọn.

Tíṣà ní, "Sà, ọmọ tó lè dá nǹkan ṣe, mi ò ní sọ ọ́ di ayékòótọ́ tó kàn ń tún ọ̀rọ̀ sọ."

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà náà kó àwọn ọmọ síta pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n ya ẹja ńlá sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n sì kọ àṣẹ sí i lára: bí a bá pàtẹ́wọ́, ẹ fò, bí a bá dákẹ́, ẹ yípo. Àwọn ọmọ fúnra wọn di kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá fi ìbínú jáde. "Ta ló fún yín láṣẹ?"

Tíṣà kò yẹ̀. "Èmi ni, sà. Yàrá lẹ tì, ẹ ò lè ti ọpọlọ wọn."

Aláròyé nawọ́ sí bàtà ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ti tẹ ẹja wa nírù."

Ọ̀gá wo ilẹ̀, ó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò. Kò ṣí yàrá, ṣùgbọ́n kò lé ẹnikẹ́ni wọlé. Tíṣà pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn fò sókè.