Bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbà, Ìyá Aránṣọ gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń bẹ̀ ẹ́ fún láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹnu àwọn tí kò mọ ọmọ náà rí ló sì ti gbọ́ ọ.

Kì í ṣe pé lẹ́tà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ti wà nínú àpò rẹ̀ tipẹ́, òun àti téèpù tó fi ń wọn aṣọ, débi pé ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti ń ya. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, Ìyá Aránṣọ ò mọ lẹ́tà A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ tábìlì. Àbúrò ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ọ́fíìsì nítorí pé ó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ló bá a kà á ní pálọ̀. Ó kà á sínú, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní:

"Ìyàwó wa, ọmọ yín kí yín. Ara ẹ̀ le. Ó ti rí yàrá."

"Ṣé gbogbo ohun tó kọ náà nìyẹn? Ìwé yẹn kún o."

"Ìyókù, ọ̀rọ̀ yàrá náà ni. Fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì, bọ́ọ̀sì. Ẹ ṣáà mọ àwọn ọmọdé."

Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló fà á tí lẹ́tà náà fi jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà ń lọ sí ìlú tó ti ríṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gé gíláàsì awò ojú, ó dì í lápá mú lẹ́nu ọ̀nà. "Má fi èdè ilé kọ̀wé sí mi o. Gẹ̀ẹ́sì ni kó o kọ. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i nínú ilé yìí pé mi ò fi ogún ọdún tẹ máṣíìnì lásán." Ọmọ náà sì gbọ́ràn.

Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé Bàbá Ọ́fíìsì ló ń gbé. Ohun tó bá ya nínú ilé náà, òun ló ń tún un rán. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ, kọ́tìnnì, ṣòkòtò Bàbá Ọ́fíìsì tí ikùn ti ń já bọ́tìnnì ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fìyà jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní kó má lọ, kò sì sẹ́ni tó rò ó rí pé ó lè lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà yẹn dé, ọmọ náà pè sórí fóònù Bàbá Ọ́fíìsì. Gbogbo ilé ló jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n ń gbọ́.

"Ṣé ẹ ti rí lẹ́tà mi?"

"Mo ti rí i. O kú iṣẹ́."

"Ṣé wọ́n kà á fún yín tán?"

"Wọ́n kà á tán pátápátá."

Ọmọ náà tún bèèrè:

"Kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ sí i?"

"Kí ni màá tún sọ? Inú mi dùn. Máa tọ́jú ara ẹ."

"Ó dáa, mà."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè é ní "mà". Tẹ́lẹ̀, "Màámi" ni. Ìyá Aránṣọ rò pé ẹ̀kọ́ ibi iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ń wù ú láti tún gbọ́ "Màámi". Nígbà mìíràn, bó bá ń rán ọwọ́ aṣọ, á dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, á pe orúkọ náà fúnra rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ náà ló ń pè é láti ẹ̀yìnkùlé, á sì tún máa rán aṣọ rẹ̀ lọ. Ó rò pé Gẹ̀ẹ́sì tí òun ò gbọ́ ló wà láàárín àwọn. Ohun tó gbé e dé kíláàsì nìyẹn, ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ó fẹ́ ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ láìsí pé ẹnì kan yọ awò ojú kó tó dá a lóhùn. Ọmọ náà kó awò mẹ́ta ránṣẹ́ pé kó yan èyí tó bá ojú rẹ̀ mu. Ọmọ náà ló gé wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n ti ń ṣe kíláàsì náà ní Sátidé. Àga ibẹ̀ kéré débi pé orúnkún àwọn àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Ìdánwò wọn ku ọ̀túnla, Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án. Tíṣà, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọmọ Ìyá Aránṣọ lọ, ní kí olúkúlùkù mú ohun kan wá tí wọn ò tíì jọ kà rí, kí wọ́n fi tún ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń wo inú ìwé yẹ̀ wò. Ó kọ ìbéèrè mẹ́rin sójú pátákó bó ṣe máa ń kọ wọ́n: Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló ń tẹnu mọ́? Kí ni kò sọ? Òfin rẹ̀ kan sì ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ ohunkóhun nípa ìwé láìfi ìka lé ìlà tó ti rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìka-Lórí-Ìlà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ fẹ́ràn ìka yẹn. Ìbéèrè kẹrin ni kò gbà.

"Tíṣà, ẹni tí kò bá sọ nǹkan, kò sọ ọ́ nìyẹn. Báwo lèèyàn ṣe ń fìka lé ibi tí kò sí nǹkan?"

"A máa dé ibẹ̀, mà."

"Láti ọdún méjì la ti ń dé ibẹ̀."

Kò gba ọ̀rọ̀ dídùn gbọ́ ni. Oníbàárà tó bá kọ́kọ́ yìn ín títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́, òun náà ló máa ń dá aṣọ padà pé kò bá òun mu. Ẹni tó bá sọ pé "ọrùn ẹ̀ fún mi", ìyẹn là ń bá ṣiṣẹ́.

Awakọ̀, ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ló kọ́kọ́ mú tirẹ̀ jáde. Lẹ́tà ìkìlọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ sí i ni.

"Níbo lẹ ti rí i pé inú ń bí ọ̀gá yín?" Tíṣà bi í.

Awakọ̀ fìka lé ìlà àkọ́kọ́. "Ó pè mí ní olùfẹ́. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, Ìyá Aránṣọ tú lẹ́tà rẹ̀ sórí tábìlì.

"Tèmi rèé. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá rí nǹkan lábẹ́ ẹ̀, èmi ni màá máa gbá kíláàsì yìí títí ọdún á fi parí."

"Ẹ wá ìgbálẹ̀ o," Awakọ̀ sọ.

Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó. Bó bá jẹ́ èdè ilé, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

*Ìyá mi, mo kí yín. Ara mi le. Mo ti rí yàrá. Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà níbẹ̀. Mo ń sùn sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dáa fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ọ̀dọ̀ yín ń dé síbí ní ọjọ́ Mọ́ńdè, aago méjì. Ibùdókọ̀ ò jìnnà. Ẹ bá mi kí ẹni tó ń bá yín kà á.*

"Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?" Tíṣà bèèrè.

"Èmi ni," Ìyá Aránṣọ dáhùn. "Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Alágbàfọ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń fọ aṣọ fún òtẹ́ẹ̀lì, dìde, ó fìka lé ìlà ìkẹyìn. "Ẹ̀yin nìkan kọ́, Ìyá. Ó mọ̀ pé ẹlòmíràn ló máa kọ́kọ́ rí i."

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn ni pé ó ń ṣọ́ ẹnu ẹ̀," Awakọ̀ sọ. "Bí mo bá mọ̀ pé ọ̀gá mi ló máa ka lẹ́tà tí mo kọ síyàwó mi, ṣé gbogbo ẹnu ni màá fi kọ ọ́?"

Tíṣà fọwọ́ kan ìbéèrè kẹta lójú pátákó. "Kí ló ń tẹnu mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀dì," Alágbàfọ̀ sọ. Ìka rẹ̀ ń lọ láti ìlà dé ìlà. "Èèyàn kan, bẹ́ẹ̀dì méjì. Ìyá, ọdún méjìlá ni mo ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò sùn lé kì í dọ̀tí. Kí ló wá ń pààrọ̀ ẹ̀ sí?"



"Ọjọ́ Àìkú ló ń pààrọ̀ ẹ̀," Awakọ̀ sọ. Òun náà ti dìde. Kò ṣeré mọ́. Ó fìka kan lé ìlà kan, ó fi ìka kejì lé èyí tó tẹ̀ lé e. "Mọ́ńdè ni bọ́ọ̀sì ń dé. Ta ló ń rán aṣọ nínú kíláàsì yìí?"

Tíṣà ò bèèrè ìbéèrè kẹrin. Ó kàn fi ẹfun sílẹ̀.

Ìyá Aránṣọ wo ojú pátákó. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé, bọ́ọ̀sì, aago méjì. Irú ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ ni, ọwọ́ òun lọmọ náà ti kọ́ ọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Ẹ má gbálẹ̀ o, Ìyá," Awakọ̀ sọ jẹ́jẹ́. "A ti dárí jì yín."

Nígbà tó délé, Bàbá Ọ́fíìsì ń jẹun.

"Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ka lẹ́tà ọmọ mi, ṣé ẹ rí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀?"

"Mo rí i. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ fún yín."

Òótọ́ ni. Ó sọ ọ́. Kò rí ìjà kankan bá a jà.

"Mọ́ńdè, mo ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀."

"Mọ́ńdè kẹ̀? Ìdánwò tẹ́ ẹ ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí ńkọ́? Ẹ ṣe é tán, kẹ́ ẹ lọ ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ kan ti pọ̀ jù."

"Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà lórí máṣíìnì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, bọ́ọ̀sì gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ náà kọjá. Ó rí Awakọ̀ àti Alágbàfọ̀ lẹ́nu géètì, pẹ́ńsù lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń wo ọ̀nà. Ó mọ ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Ó juwọ́, ṣùgbọ́n wọn ò rí i.

Aago méjì ku díẹ̀ ló dé. Orúkọ òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà wà wà lára páálí awò ojú tó fi ránṣẹ́, ó sì ń bèèrè ọ̀nà títí ó fi dé ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ rẹ̀ wà nídìí máṣíìnì, ó ń lọ etí awò kan lábẹ́ omi. Ó ti sanra díẹ̀. Ó gbójú sókè, ó pa máṣíìnì náà.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Lẹ́tà rẹ ni mo kà."

"Lẹ́tà wo, mà?"

"Èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì méjì."

Ọmọ náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó nù ún títí ọwọ́ náà fi gbẹ, ó sì ń nù ún síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń bọ̀.

Yàrá náà ò jìnnà, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀dì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Lábẹ́ fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, àti àpá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin lójú símẹ́ńtì.

"Mo gbé e fún ẹni tó wà ní yàrá kejì," ọmọ náà sọ. "Ó bímọ. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ wá ni."

"Wọn ò kà á fún mi bó o ṣe kọ ọ́."

"Mo bi yín lórí fóònù."

"O bi mí."

Ìyá Aránṣọ jókòó sílẹ̀ láàárín àpá mẹ́rin náà, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀, kó tó wá jókòó tì í.

Ìdánwò yẹn, wọ́n á tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ọjọ́ Àìkú tí ọmọ náà fi tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba Mọ́ńdè tó fi lọ sí ibùdókọ̀ ní aago méjì.