Èdè Tó Wà Lókè

Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni mo ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ojú Ẹlẹ́gbà. Àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn télọ̀ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi.

Ní ọdún 1976, ìyàwó Dókítà Ọláìtán wá bá mi. Òyìnbó ni, Gunvor ni orúkọ rẹ̀. Àdúgbò wa ní Súrùlérè ni wọ́n ń gbé, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìdí-Àràbà. Ó ti gbọ́ Yorùbá dáadáa nígbà náà.

Ó ní òun fẹ́ pátákó kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ìyá òun ń bọ̀ láti Fínláǹdì ní ọjọ́ Sátidé. Èdè méjì ni kí n kọ sí i.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ méjì. Ó jókòó, ó ṣàlàyé.

Ìlú kékeré kan ni wọ́n ti bí i. Oko ló yí i ká. Àwọn kan ń sọ èdè Súwídìn níbẹ̀, àwọn kan ń sọ èdè Fínláǹdì. Orúkọ méjì ni ìlú náà ń jẹ́, Granvik àti Kuusilahti. Èdè méjì ló wà lára gbogbo pátákó ojú títì. Ìjọba a máa ka àwọn ènìyàn, èdè tí àwọn tó ń sọ ọ́ bá pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ sókè. Súwídìn ló ń wà lókè. Èdè bàbá rẹ̀ nìyẹn. Fínláǹdì, tó ń wà nísàlẹ̀, ni èdè ìyá rẹ̀. Òun gbọ́ méjèèjì láti kékeré.

"Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba, Bàbá, èdè kan ṣoṣo ni ẹnì kan lè ní."

Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, òun fúnra rẹ̀ ló mú èdè tó fẹ́. Ó mú Súwídìn. Kò rò ó lọ títí. Ìyá rẹ̀ rí ìwé náà lórí tábìlì, ó ní, "O ti yọ mí kúrò nínú iye." Kò sọ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà.

Bàbá rẹ̀ kú. Gunvor fẹ́ Ọláìtán, ó bá a wá sí Èkó. Ìyá rẹ̀ kò wá síbi ìgbéyàwó. Ọdún mẹ́fà ni kò fi fèsì lẹ́tà kankan. Ìgbà tó gbọ́ pé Fúnlọ́lá, ọmọ wọn, ti pé ọdún mẹ́rin, ó kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá wò ó. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì ni òun máa sùn. Ó ní ẹnu ọ̀nà náà ni òun máa ti rí ọmọ náà, òun kò ní wọlé.

"Mo fẹ́ kó wọlé," ni Gunvor wí. "Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi. Ẹ Káàbọ̀ lókè, Tervetuloa, ní èdè ìyá rẹ̀, nísàlẹ̀. Ìtumọ̀ kan náà ni. Ó ní Yorùbá ló pọ̀ jù níbí, ìyá òun mọ òfin pátákó.

Mo fi ọ̀dà funfun kun pákó náà, mo jẹ́ kó gbẹ. Nígbà tí mo fẹ́ kọ lẹ́tà, mo dúró. Àlejò ni obìnrin náà. Àgbà sì ni. Mi ò lè fi àlejò sísàlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé tó ń bọ̀. Mo kọ Tervetuloa sókè. Mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo lọ kàn án mọ́ ògiri. Gunvor jáde, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní mo ti yí i sódì.

"Ìyá mi máa rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, Bàbá. Á yí padà lọ."

Mo ní kí n yọ ọ́. Àrìnpé, ìyá Dókítà, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, wà níbẹ̀. Ó bi mí pé ṣé òun tí òun ti wà nílé ni wọ́n fẹ́ kọ lé àlejò lórí. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ibi tí a ti ń jiyàn ni mọ́tò Dókítà ti yà wọ àdúgbò.

Obìnrin kékeré ni ìyá Gunvor. Irun rẹ̀ ti funfun. Kò dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Ó dúró níwájú fàráńdà, ó ń wo pátákó. Lẹ́yìn náà ó bèèrè nǹkan.

Gunvor nawọ́ sí mi. Ó sọ fún mi pé ìyá òun ń bèèrè ẹni tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun sì ti sọ òótọ́.

Mo ní, "Sọ fún un pé ní tiwa, àgbà ló ń ṣáájú. A kì í ka iye."

Ó sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ wò mí. Ó tún bèèrè nǹkan mìíràn. Gunvor fa Fúnlọ́lá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ó sọ ọ̀rọ̀ kan péré.

Mo bi í pé kí ni.

"Ó bèèrè pé ẹni mélòó ló ń sọ èdè Fínláǹdì ní àdúgbò yìí." Omi ti lé sí i lójú. "Mo ní mẹ́ta, pẹ̀lú èmi àti Fúnlọ́lá."

Ìyá Gunvor gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Àrìnpé ní kó má bọ́ ọ, pé oòrùn ti mú sìmẹ́ńtì gbóná.

"Ẹ jẹ́ kó bọ́ ọ, Màmá," ni Gunvor wí. "Ní ìlú tiwa, tí a bá fẹ́ wọlé ni a máa ń bọ́ ọ."

Ìyá rẹ̀ bọ́ méjèèjì, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, wọ́n wọlé. Àrìnpé ṣa bàtà náà nílẹ̀, ó gbé e tẹ̀lé wọn. Ó ní Èkó ni ibí.