Ẹni tí Wọ́n Fi Àga Dè

"Mọ́mì, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

Kí Morónfólú tó dáhùn, Tolú, olórí ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìjọ wọn, ti já ìdì kúbùsù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún fa àga oníke súnmọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe fún un láti àárọ̀. Àgbàrá òjò ti ya wọ ilé àwọn ènìyàn lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ní Sàngó, ara Morónfólú sì ti yá gágá fún iṣẹ́. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ti ń bẹ ìjọ pé kí wọ́n mú òun dání lọ síbi iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ọ̀wọ̀ dára, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tó bá so ènìyàn mọ́ àga ti ń di ẹ̀wọ̀n. Bí òní bá sì lọ báyìí, wọn kò ní mú un dání mọ́.

Láìpẹ́, Tolú padà wá láti inú ilé ìyá àgbàlagbà kan tí omi ti wọ̀, ó rin gbingbin dé itan.

"Àlájà Ràfátù ò gbà kí n pọ̀n wọ́n o! Omi ti fẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì wọn, òjò mìíràn sì ti ṣú. Wọ́n ní ọmọ àná kan ò ní gbé òun bí ẹrù. Mi ò sì lè wọ́ àgbà."

"Ẹgbẹ́ wọn ni kó lọ bá wọn sọ̀rọ̀." Morónfólú ti ń ká ìró rẹ̀ sókè.

"Mọ́mì, ẹ padà!"

Ó ti wọ inú omi lọ.

Àlájà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Wọ́n tún ti rán ẹlòmíràn wá!"

"Wọn kò rán mi, Àlájà. Mo sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ni. Láti àárọ̀, wọn ò jẹ́ kí n gbé ṣíbí. Àga ni wọ́n fi dè mí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àlájà. "Èmi rèé, wọ́n fẹ́ pọ̀n mí!"

"Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ di apá mi mú, ká jọ fẹsẹ̀ ara wa rìn jáde."

"Bí a bá ṣubú ńkọ́?"

"Tolú á kúkú pọ̀n àwa méjèèjì."

Àlájà rẹ́rìn-ín títí, ó sì ti ẹsẹ̀ bọ omi.

Bí wọ́n ti di apá ara wọn mú yọ síta, tí Tolú ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ariwo ta. "Aláhù Àkúbárù!" "Halelúyà!" Morónfólú mú Àlájà lọ tààrà síbi àga oníke náà, ó sì fi í jókòó.

Tolú wo àga. Ó wo Morónfólú. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdì kúbùsù kan.

"Mọ́mì, ẹ bá wa gbé èyí."

Ó wúwo ju bí Morónfólú ti rò lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.