Bàbá Tí Wọ́n Ń Pè Ní Kékeré

"Kékeré! Ṣé o ò gbọ́ ni? Kó àwọn aṣọ ibùsùn yẹn lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, kó o sì tètè padà!"

"Mo ti gbọ́, mà. Ẹ má bínú."

Ọkùnrin náà gbé ẹrù aṣọ lé èjìká. Obìnrin tó ń pàṣẹ fún un yìí, tí kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ni ọ̀gá ilé ìfọṣọ ní ilé ìwòsàn náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Lójú tirẹ̀, àbúrò ló ń bá wí, ọ̀dọ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí i lábẹ́ ètò ìpèsè iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Kò mọ̀ pé ó ku díẹ̀ kí Kékeré pé ogójì ọdún, àti pé torí ewú ló ṣe ń fá orí rẹ̀ kodoro.

Ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló kógbá sílé. Gbogbo ibi tó wáṣẹ́ dé, wọ́n á ní kó máa lọ ná, àwọn á pè é. Nígbà tí ìjọba wá kéde ètò yìí, wọ́n ní ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún kó má wulẹ̀ yọjú. Ló bá gé ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ fi ṣẹ̀fẹ̀: "Bàbá ọmọ mi, ṣé kí n wá máa pè yín ní àbúrò ni?" Àmọ́ nígbà tí ọbẹ̀ padà sínú ìkòkò, kò sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ohun tí kò rò ni pé òun àti irọ́ náà ni yóò jọ máa gbé. Àwọn ọmọ tó yẹ kó máa kí i, òun ló ń tẹríba kí wọn. Wọ́n ń rán an lọ bu omi mímu wá. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, wọ́n á ní, "Ìwọ, ọmọdé ṣì ń ṣe ọ́," òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, ìjọba fẹ́ sọ díẹ̀ lára àwọn ọ̀dọ́ inú ètò náà di òṣìṣẹ́ gidi, Ọ̀gá sì ti bá a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dà bí ẹni tó wọ ẹ̀wù tó há mọ́ ọn lára: kò ṣeé bọ́, kò sì ṣeé mí nínú ẹ̀.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù nígbà tó gbọ́ ohùn kan tó mọ̀.

"Dádì!"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mọ́kànlá, ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sí aṣọ ilé ìwé rẹ̀, tíṣà kan sì fi aṣọ di orúnkún rẹ̀ mú. Ó ti ṣubú lu ìgò ní pápá.

Àṣé Ọ̀gá ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ìrọ̀rí. "Dádì kẹ̀? Kékeré, ta lọmọ yìí ń pè?"

Ẹnu rẹ̀ yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Ilé kan náà la jọ ń gbé. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn."

Ọmọ náà wò ó. Lẹ́yìn náà ó gbójú sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ náà wò. "Egbò yìí jìn, rírán ni. Àmọ́ àfi kí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ gbà fún wa ká tó bẹ̀rẹ̀."

"Mo ti ń pe ìyá rẹ̀ látẹ̀ẹ̀kan," tíṣà fèsì, "fóònù rẹ̀ ò lọ."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Kékeré. "Ìwọ ńkọ́, o ò lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Ó fa fóònù yọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ lásán. Ta ni yóò pè? Ọ̀gá fọwọ́ kàn án léjìká. "Fọkàn balẹ̀, àbúrò. Bàbá rẹ̀ á dé."

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ń tiraka kó má sunkún. "Bọ̀dá, ẹ má ṣèyọnu. Ẹ jẹ́ ká dúró de Dádì mi."

Bọ̀dá. Ọmọ ti bá a gbé irọ́ náà. Kò bínú, ṣe ló ń bo bàbá rẹ̀ láṣìírí, ìyẹn gan-an ló sì gún ọkùnrin náà lọ́kàn.

Ó sọ ẹrù kalẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ máa rán an. Èmi ni bàbá rẹ̀."

"Kékeré, má ṣeré níbí o," Ọ̀gá ní. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ tó o fi..." Ó wo orí tó fá, ó wo àwọn ìlà tó wà létí ojú rẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

"Mo ti ń lọ sí ogójì ọdún, mà. Ẹ forí jì mí."

Ọ̀gá kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kó àwọn aṣọ tó wà nílẹ̀ fúnra rẹ̀. "Ẹ bá ọmọ yín wọlé," ó ní, láìwo ojú rẹ̀. "Tí wọ́n bá rán an tán, ẹ wá bá mi. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́."

"Mo mọ̀, mà."

Láti ọjọ́ tó ti dé ọgbà náà, ẹnikẹ́ni kò tíì fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó wọlé.

"Dádì," ọmọ náà sọ sí i létí bí nọ́ọ̀sì ti ń fa abẹ́rẹ́ yọ, "iṣẹ́ yín ńkọ́?"

"Di ọwọ́ mi mú dáadáa," ó ní. "Má wo abẹ́rẹ́. Èmi ni màá bá ẹ wò ó."